Ṣé track tó gùn jù ló dára jù? Àlàyé fún ẹni tó fẹ́ ra snowmobile orí òkè

Oṣù tó kọjá ni àbúrò mi kan tó ń gbé ní Calgary, ní Kánádà, pè mí. Ó ti ń tọ́jú owó láti ọdún tó kọjá kó lè ra snowmobile tirẹ̀, kó yéé háyà ti ẹlòmíì ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, kí ni ìyàtọ̀ track 146 sí 154 sí 165? Gbogbo ẹni tí mo bá bi ló ń sọ pé èyí tó gùn jù ni kí n rà. Èyí tó gùn jù yẹn ló sì wọ́n jù.” Mo ní kó fara balẹ̀, kó má tíì san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ṣàlàyé fún un ni mo fẹ́ kọ síbí, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà dàrú mọ́ lójú.

Kí n kọ́kọ́ sọ bí ẹ̀rọ yìí ṣe rí fún ẹni tí kò rí i rí. Snowmobile dà bí alùpùpù tí kò ní táyà. Níwájú, ó ní pẹpẹ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó ń jẹ́ ski, òun la fi ń darí rẹ̀ sọ́tùn-ún àti sósì. Lẹ́yìn, rọ́bà fífẹ̀ kan ló ń yí po lábẹ́ ìjókòó, bí ẹsẹ̀ katapílà tó ń la títì. Rọ́bà yẹn ni wọ́n ń pè ní track. Ó ní eyín níta, àwọn eyín náà sì ń wa yìnyín sẹ́yìn bí ẹni ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ ojú omi. Ẹ́ńjìnnì ń yí track, track ń ti ẹ̀rọ síwájú, track yìí kan náà ló sì ń gbé ẹ̀rọ àti ẹni tó gùn ún dúró kí wọ́n má baà rì.

Rírì yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Ẹni tó jẹ́ pé inú fọ́tò nìkan ló ti mọ yìnyín lè rò pé ilẹ̀ tó le gbagidi ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ lórí òkè. Yìnyín tó já mọ́jú, tí ẹnikẹ́ni ò tíì tẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan lé e, ẹ bá ara yín nínú rẹ̀ dé ìbàdí. Bí ẹ bá ti rìn nínú ẹrẹ̀ etí odò rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ lásán dúró á rì, ẹni tó tẹ́ pákó sílẹ̀ tó dúró lórí pákó kò ní rì tó bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n kan náà ni wọ́n. Pákó ló pín ẹrù kiri. Track ni pákó tiwa lórí yìnyín.

Ìṣòro rírì yìí ló bí ẹ̀rọ náà gan-an. Ní ìgbà òtútù ọdún 1934, ní Valcourt, ní ìpínlẹ̀ Québec ní Kánádà, Joseph-Armand Bombardier pàdánù ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré, Yvon. Inú ló ń run ọmọ náà, yìnyín sì ti dí gbogbo ọ̀nà tí wọn ì bá gbà gbé e dé ọsibítù. Mẹkáníìkì ni bàbá ọmọ. Ó ti ń gbìyànjú ẹ̀rọ orí yìnyín ṣáájú, ikú ọmọ yìí ló wá jẹ́ kó tẹra mọ́ ọn. Ní 1937 ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ìjọba fún àgbá àti track tó ṣe, ní 1959 ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì gbé Ski-Doo jáde, ẹ̀rọ kékeré tí ẹnì kan lè dá gùn. Mo máa ń rántí ọmọ yẹn bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ track bíi pé ọ̀rọ̀ fáàrí lásán ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí nọ́ńbà. Lára snowmobile òkè, ẹ óò rí nǹkan bíi 850, 154, 3.0. 850 ni bí ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ fún alùpùpù. 154 ni gígùn track ní ínṣì. 3.0 ni gíga eyín, ínṣì 3. Títí dé ibẹ̀ kò le. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé èèyàn á rò pé ínṣì 154 yẹn ló tẹ́ sórí yìnyín. Rárá o. Àyíká track ni wọ́n wọ̀n. Bí ẹ bá gé e lójú kan, tí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbọọrọ bí ẹní, ìgbà yẹn ni yóò gùn tó ínṣì 154, ìyẹn bíi mítà 3.9. Bó bá wà lára ẹ̀rọ, apá kan ń bẹ lókè lábẹ́ ìjókòó, apá kan yí àgbá po níwájú àti lẹ́yìn, èyí tó kù ló wà nílẹ̀. Kò tó ìdajì.

Ẹ gbé bírò. Ẹ mú 154 àti 165 tí àwọn méjèèjì fẹ̀ tó ínṣì 16. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ ínṣì 11. Bí ìdajì rẹ̀ ló ń lọ sókè, ìdajì ló ń wá sílẹ̀, ìyẹn ínṣì 5 àti ààbọ̀. Ẹ fi ìbú 16 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ óò rí ínṣì onígun mẹ́rin 88. Bébà A4 kan ṣoṣo fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Gbogbo àyè tí ẹ fi owó kún owó rà nìyẹn. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún àbúrò mi, ó dákẹ́ lórí fóònù, mo wá gbọ́ tó ní, “Bébà kan, Ẹ̀gbọ́n?” Mo ní bébà kan.

Àmọ́ kí ẹ má fojú kéré bébà náà, torí ẹ̀yìn pátápátá ló wà, ẹ̀yìn yẹn gan-an ni ẹ̀rọ sì ti máa ń rì. Bí ẹ bá kọjú sí òkè tí ẹ tẹ iná mọ́ ọn, gbogbo ìwúwo ń ṣí sẹ́yìn. Track tó kúrú á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀ bí adìyẹ tó ń wá ìjẹ. Ó ń gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀, ìdí ẹ̀rọ ń wọnú kòtò, imú rẹ̀ ń wo sánmọ̀, títí yóò fi dúró. Èyí tó gùn máa ń rọra gun orí yìnyín kó tó ráyè gbẹ́lẹ̀, imú rẹ̀ sì máa ń wà nílẹ̀ kí ski lè ṣiṣẹ́. Ìdí nìyí tí gbogbo ẹni tó fẹ́ràn ìdagẹ̀rẹ́ gíga fi ń lé gígùn. Ní àwọn ọdún 1990, 136 ni wọ́n ń kà sí track gígùn lórí òkè. Lónìí 136 ti di ti ọ̀nà ìsàlẹ̀, 174 àti 175 sì wà lórí àtẹ.

Ohun tí gígùn ń gbà lọ́wọ́ ẹni ni wọn kì í sọ. Ẹ rántí bó ṣe máa ń rí bí èèyàn bá ru pákó gígùn wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró. Ọ̀nà tààrà kò ní wàhálà, ibi kọ̀rọ̀ ni ogun wà. Lórí òkè, a kì í fi ski nìkan yí snowmobile. Ńṣe la máa ń dà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, a ó fi etí track kan gé yìnyín, òun náà á sì yí. Track tó gùn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà á lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fẹ́ máa lọ síwájú ṣáá. Ó tún wúwo ju èyí tó kúrú lọ, ìwúwo náà sì jẹ́ ti ohun tí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa yí ní gbogbo ìgbà. Bí ẹ bá fẹ́ gbé imú ẹ̀rọ sókè láti fo igi tó ṣubú, 146 á gbọ́ tiyín lẹ́ẹ̀kan náà. 165 yóò fẹ́ kí ẹ bẹ̀ ẹ́.

Ojú mi rí i. Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gun snowmobile ni ọ̀rẹ́ mi kan yá mi ní 165 rẹ̀ nítòsí Revelstoke, ní British Columbia. Ní ojú ìta gbangba, inú mi dùn débi pé mo ń kọrin nínú ìbòrí mi. Ibi tí èmi fúnra mi ti máa ń dúró, ó gbé mi kọjá bí ẹni pé ilẹ̀ títẹ́jú ni. A wá sọ̀ kalẹ̀ wọ inú igbó igi fir, níbi tí odò kékeré kan ti ń ṣàn lábẹ́ yìnyín. Mo rí àlàfo láàárín igi méjì, mo da ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí mo ṣe máa ń da tèmi. Kò yí tó. Ski òsì bọ́ sínú kòtò ìdí igi, àyè òfìfo tí ẹ̀ka máa ń ṣíji bò tí yìnyín kì í fi í kún ibẹ̀, gbogbo ẹ̀rọ sì tẹ̀lé e. Yìnyín ń bọ́ láti orí ẹ̀ka sí mi lọ́rùn, èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń fi ṣọ́bìrì gbẹ́. Ó gbà wá ju wákàtí kan lọ, èémí ò sì tó wa mọ́ nígbà tí a gbé e jáde. Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ náà. Èmi ni mo mú pákó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi èèyàn ni pé irú yìnyín wo ló máa ń bá pàdé. Yìnyín kò rí bákan náà. Ti Utah àti Colorado ní Amẹ́ríkà, tó jìnnà sí òkun, máa ń gbẹ bí èlùbọ́. Ẹ bù ú sọ́wọ́, ẹ fẹ́ ẹ, ó fò lọ. Èlùbọ́ kò gbé nǹkan dúró, bó bá ti jìn, track gígùn tó ní eyín gíga ló máa ń rọ́nà kọjá. Ti àwọn òkè Cascades ní ìpínlẹ̀ Washington àti Sierra Nevada ní California yàtọ̀. Ọ̀rinrin Òkun Pàsífíìkì ló gbé e wá, ó wúwo, ó ki bí ògì tó ti sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Òun á gbé ẹ̀rọ dúró dáadáa, ẹni tó ní 154 níbẹ̀ kò sì ní jowú ẹni tó ní 165 tó bí yóò ti jowú rẹ̀ ní Utah. Revelstoke wà láàárín méjèèjì, àmọ́ yìnyín ibẹ̀ pọ̀ débi pé ìjìn nìkan tó láti mú kí èèyàn ronú gígùn. Àsìkò náà tún ṣe pàtàkì. Yìnyín oṣù Kìíní kì í ṣe ti oṣù Kẹrin, tí oòrùn ń yọ́ lọ́sàn-án, tó sì ń dì gbagidi lóru.

Lórí yìnyín tó dì gbagidi yẹn ni eyín gíga ti ń di ìyọnu, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ níbí torí ó máa ń ba ẹ̀rọ jẹ́. Ẹ́ńjìnnì snowmobile òkè kì í sábà ní ohun tí afẹ́fẹ́ fi ń tù ú bíi ti mọ́tò. Yìnyín tí track ń ta sókè ló ń mú kí páìpù omi tó wà lábẹ́ ìjókòó tutù. Bákan náà, track ń yọ̀ lórí irin gígùn méjì tí wọ́n fi ike bò, yìnyín lẹ́búlẹ́bú ló sì ń ṣe bí òróró láàárín ike àti track. Bí ojú ọ̀nà bá dì bíi síméńtì, kò sí yìnyín tó ń ta sókè. Omi inú ẹ̀rọ á gbóná, ike á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Eyín ínṣì 3 á tún máa tẹ̀ síwá sẹ́yìn lórí ilẹ̀ líle náà. Ẹni tó ní láti rin ọ̀nà jíjìn tó le kó tó dé orí òkè, eyín ínṣì 2.5 tàbí 2.6 ló máa fún un ní ìsinmi. Kó tún fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó ń họ yìnyín sókè sára ẹ̀rọ rẹ̀. Kò wọ́n, ó sì ń gba ẹ́ńjìnnì là. Èyí tó ń rin kìkì ojú ọ̀nà tí wọ́n ti tẹ́, kò nílò ju eyín ínṣì kan àti díẹ̀ lọ, òun kọ́ sì ni mò ń bá sọ̀rọ̀ lónìí.

Ní ti ìbú, kò sí ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ti òkè máa ń jẹ́ ínṣì 15 tàbí 16. Àwọn kan wà tó fẹ̀ tó 20 tàbí 24, iṣẹ́ ni wọ́n ṣe wọ́n fún, wọ́n ń fi wọ́n fa ẹrù. Wọ́n léfòó dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ dà wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú igbó á jìyà.

Agbára ẹ́ńjìnnì wá ńkọ́? Track gígùn nílò ẹni tó lágbára láti yí i. Òkè sì máa ń jí agbára gbé. Bí èèyàn ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́, ẹ́ńjìnnì tí kò ní turbo, ìyẹn ohun tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọnú ẹ́ńjìnnì, sì ń pàdánù nǹkan bí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún fún gbogbo mítà 300. Ẹ mú ẹ́ńjìnnì 850 tó ní agbára ẹṣin 165 nísàlẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí Vail Pass ní Colorado, tó ga ju mítà 3,200 lọ. Nǹkan bí 112 ló máa kù níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì 600 ni, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bí 125, ẹ fúnra yín lè ṣírò ohun tó máa ṣẹ́ kù. Bí ẹ bá fi 165 sára 600 níbi gíga bẹ́ẹ̀, ńṣe lẹ gbé ẹrù àgbà lé ọmọdé lórí. Track á léfòó o, ṣùgbọ́n kò ní yí kíákíá tó láti da yìnyín nù kúrò láàárín eyín. 146 tàbí 154 á bá 600 lára mu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Turbo ń dá agbára tí òkè jí padà, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i pé àwọn tó gùn jù ló sábà máa ń ní in.

Ohun tí ojú máa ń ti àwọn èèyàn láti sọ ni ìwọ̀n ara wọn. Ẹ má tijú, ẹ sọ ọ́. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ máa ń wúwo tó nǹkan bí kílò 200, ká má tíì bu epo sí i. Ẹni tó jẹ́ kílò 60 àti ẹni tó jẹ́ kílò 110, tí àwọn méjèèjì wọ aṣọ òtútù, tí wọ́n gbé àpò sẹ́yìn, kì í ṣe ẹrù kan náà ni wọ́n gbé lé track. Ẹni kílò 110 tó gun 165 ṣì lè máa rì ju ẹni kílò 60 tó gun 154 lọ. Mo ti rí ìyàwó tó ń bá 165 ọkọ rẹ̀ jà látàárọ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi wú, tí gbogbo ènìyàn sì ń sọ pé òun ni kò mọ̀ ọ́n gùn. Wọ́n gbé 146 fún un lọ́jọ́ kejì, ó sì ń kọjá níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń gbẹ́ ara rẹ̀ jáde. Bàtà ọkọ ni wọ́n fi wọ̀ ọ́ lánàá.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá bi mí léèrè pé kí ni ká yàn, bí mo ṣe máa ń dáhùn nìyí. 137 sí 146 wà fún ẹni tó ń pín àkókò rẹ̀ sí méjì, tó ń rin ọ̀nà tí wọ́n ti tẹ́, tó tún fẹ́ yà wọ inú yìnyín jíjìn nígbà míì. 146 tún dára fún ẹni tó fúyẹ́, tó fẹ́ràn láti máa fò, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ara darí ẹ̀rọ. 154 tàbí 155 ni mo fi sí àárín gbùngbùn ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹnì kan bá ní òun ò mọ èyí tó yẹ òun, tó sì ń gbé nítòsí òkè gidi, òun ni mo máa ń nàka sí. Ó gun ìdagẹ̀rẹ́ tó pọ̀ jù lọ nínú èyí tí èèyàn tó ń kọ́ ọ yẹ kó gùn, ó ń wọ inú igbó, ó ń jáde, kò sì ní fìyà jẹ ẹni tó ṣe àṣìṣe. 162 sí 165 wà fún ẹni tó wúwo, tàbí tí yìnyín rẹ̀ jìn tó sì gbẹ lọ́pọ̀ ọjọ́ nínú ọdún, tàbí tó ti mọ̀ ọ́n gùn dáadáa tó sì mọ ibi tó ń lọ. 174 àti 175 jẹ́ ti àwọn tó ń wá ìdagẹ̀rẹ́ tí ẹlòmíì ò lè gùn. Ẹni tó bá nílò rẹ̀ ti mọ̀ fúnra rẹ̀ pé òun nílò rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ máa ń fi ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọdún ra ẹ̀rọ, ọjọ́ tí yìnyín já bí ìgbà tí àpò èlùbọ́ bẹ́, tó dé àyà. Wọ́n á wá máa fi ọgbọ̀n ọjọ́ tó kù ru pákó kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ ka àwọn ọjọ́ tí ẹ gun ẹ̀rọ lọ́dún tó kọjá. Mélòó nínú wọn ni yìnyín fi dé àyà? Mélòó lẹ fi wà nínú igbó? Mélòó ló jẹ́ ojú ọ̀nà líle? Àwọn ọjọ́ tó pọ̀ jù ni kí ẹ fi ra track.

Mi ò lè sọ̀rọ̀ gígùn kí n má sọ ti yìnyín tó ń ya. Ìdagẹ̀rẹ́ tí 165 ń gbé èèyàn gùn, tó dagẹ̀rẹ̀ tó nǹkan bí dígírì 30 sí 45, inú rẹ̀ gan-an ni yìnyín ti sábà máa ń ya lọ́wọ́ kan, tó ń ṣàn wálẹ̀ bí ilé tó wó. Ní oṣù Kẹta ọdún 2010, lórí Boulder Mountain ní Revelstoke níbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn péjọ lọ wo àwọn tó ń fi snowmobile gun òkè. Yìnyín ya lé wọn lórí, ó pa ènìyàn méjì, ó sì ṣe ọ̀pọ̀ léṣe. Kò sí gígùn track tó ń sáré ju ìyẹn lọ pẹ̀lú ìdánilójú. Track gígùn lè gbé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lọ sí ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ kò tíì dé, ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Kí ẹ tó ra èyíkéyìí, ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń so mọ́ àyà tó ń ké sí ẹni tó ń wá yín, ẹ ra ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń gún yìnyín wá èèyàn, ẹ ra ṣọ́bìrì, ẹ sì lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò wọ́n. Olúkúlùkù nínú yín ni kó ní tirẹ̀, torí kì í ṣe ẹni tó rì ló máa gbẹ́ ara rẹ̀ jáde. Ẹni tí yìnyín bò, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ ló ní, lẹ́yìn ìyẹn ìrètí ń já wálẹ̀ kíákíá. Ní Kánádà, Avalanche Canada, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Revelstoke, máa ń gbé ìròyìn bí yìnyín ṣe rí jáde ní ìgbà òtútù. Ẹ kà á láàárọ̀ kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ sórí ọkọ̀.

Àbúrò mi tún bi mí bóyá òun lè ra 154 báyìí, kí òun wá fi track 165 sí i bó bá yá. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n mi ò gbà á nímọ̀ràn. Irin tí track ń yọ̀ lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn sí i, ìbòrí ẹ̀yìn lè máà dé e mọ́, àgbá tó ń yí i gbọ́dọ̀ bá ihò track mu, eyín tó ga jù sì lè máa họ ìbòrí lókè. Bí ẹ bá ti ra gbogbo rẹ̀ tán, ẹ ti ná owó tó lè mú yín pààrọ̀ ẹ̀rọ.

Bó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ gbọ́. Ẹ fúnra yín wọ̀n ọ́n. Wọ́n pín track sí ihò-ihò, àárín ihò kan sí èkejì sì máa ń dọ́gba. Ó lè jẹ́ ínṣì 2.86, ó lè jẹ́ 3, ó lè jẹ́ 3.5. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ihò kan, ẹ gbé ìdí ẹ̀rọ kúrò nílẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa, ẹ máa fi ọwọ́ yí track, ẹ máa kà títí àmì yóò fi padà dé. Ẹ wá wọn ihò mẹ́wàá lápapọ̀, kí àṣìṣe ọwọ́ má baà pọ̀, ẹ pín in sí mẹ́wàá, ẹ fi iye ihò sọ ọ́ di púpọ̀. Ihò 57 ní 2.86 jẹ́ 163. Ihò 55 ní 3 jẹ́ 165. Bí ẹ bá ti wà nídìí rẹ̀, ẹ wo bí eyín ṣe jẹ tó, ẹ sì wo ike orí irin náà.

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá, àbúrò mi lọ wo ọ̀kan. Ẹni tó ń tà á kọ 165 sára ìpolówó, owó 165 náà ló sì ń béèrè. Àbúrò mi pè mí látinú gáréèjì ọkùnrin náà, mo ń gbọ́ tí track ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ bó ṣe ń yí i. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, 54 ni mo kà. Ihò mẹ́wàá jẹ́ ínṣì 28 àti díẹ̀, kò pé 29.” Mo ní kó ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó dákẹ́, ó ń kùn sínú, ó wá ní, “154 ni!” Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ wá kà á, ẹnu sì yà á, torí bí ẹni tó kọ́kọ́ tà á fún un ṣe sọ ọ́ ló ṣe ń sọ ọ́. Ó dín owó rẹ̀ kù. Kílò 78 ni àbúrò mi, inú igbó ló sì ti máa ń lo ìdajì ọjọ́ rẹ̀. Ó sanwó, ó gbé e lọ sílé.